Apá Òsì Kò Dún

Olóhùn gbé àdá sókè, ó fi gbogbo agbára ṣá orí tó wà lórí tábìlì. Orí náà là sí méjì, omi inú rẹ̀ ta sí i lójú, ó ta sára ògiri. Kò nù ún. Ó dúró gbọin, kò mí, nítorí máíkì tó wà níwájú rẹ̀ ń gbọ́ ohun gbogbo.

"Ó gbẹ jù!" Ọ̀gá pariwo láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Orí èèyàn kì í dún báyẹn!"

"Ṣé ẹ ti ṣá orí èèyàn rí ni, Ọ̀gá?"

"Èmi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó máa ń lómi ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹ fọkàn balẹ̀, elégédé ni. Iṣẹ́ òòjọ́ Olóhùn ni kó máa wá ohùn fún ìwà ìkà inú géèmù orí kọ̀ǹpútà. Pòpórò àgbàdo gbígbẹ ló fi ń ṣe egungun tó ń ṣẹ́, aṣọ ìnura tó rẹ sómi ló fi ń ṣe ẹran ara tó ń ya, bí ẹnì kan bá sì máa ṣubú nínú géèmù, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé ara lu pákó. Orúnkún rẹ̀ kò lè gba àpá tuntun mọ́. Wọ́n ti pè é ní Olóhùn títí àwọn ará ibi iṣẹ́ náà fi gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Géèmù tí wọ́n ń ṣe náà, Ilé Tútù ló ń jẹ́, ẹni tí àyà rẹ̀ bá sì ń já, kó jìnnà sí i. Ojú ẹni tó ń gbá a ni ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀. O ò ní rí ara rẹ níbẹ̀, àfi ọwọ́ rẹ méjèèjì tó ń gbọ̀n níwájú rẹ. Wọ́n tì ọ́ mọ́ ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń kó ẹran sí yìnyín tẹ́lẹ̀, iná ti lọ, Alápatà sì ń rìn kiri nínú rẹ̀ tòun ti àáké. Kò sí ohun tó o ṣe fún un. Ó kàn fẹ́ pa ọ́ ni.

Àbúrò Olóhùn wà lára àwọn tó ń bá wọn dán an wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Ọmọ ìyá kan náà làwọn obìnrin méjèèjì, Àbúrò ni gbogbo ọ́fíìsì sì ń pe òun náà. Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ tó ní kó ti ṣọ́ọ̀bù pa, pé àwọn ọkùnrin tó ń wá wọn ṣòkòtò ti pọ̀ jù. Ọkọ̀ ẹrù ni ọkọ yìí ń wà, Dírẹ́bà ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Bó bá ti gbé ẹrù lọ sọ́nà jíjìn, Àbúrò á yọ́ wá sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án, á gbé ẹ̀rọ bo etí, á wọ Ilé Tútù lọ. Àwọn yòókù a máa ké, wọ́n a máa ju ẹ̀rọ ọwọ́ wọn nù. Òun kì í ké. Á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, á máa mí díẹ̀díẹ̀, títí Alápatà á fi kọjá. Ọ̀gá ti sọ ọ́ ní Ìyá Ìfarapamọ́. Ó rò pé ẹ̀bùn ni.

Àbúrò ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ohùn báyìí, ó ń nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Mo ti gbá a tán, Ọ̀gá."

"O káre!" Ọ̀gá fa àga kan, ó jókòó. "Kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa, kí n lè rí agbára gbọ́ èyí tí kò dáa."

"Òkùnkùn yẹn dáa. Kì í ṣe pé ẹ kàn da dúdú bo gbogbo ẹ̀. Èèyàn ṣì ń rí nǹkan díẹ̀, díẹ̀ yẹn ló sì ń dáyà jáni. Tọ́ọ̀ṣì tó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ náà dáa. Èyí tó wá mú mi jù ni inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ mọ̀ pé èèyàn á há èémí mọ́ra, tó bá wá pẹ́ jù, èémí yẹn á já jáde fúnra rẹ̀, Alápatà á sì gbọ́. Bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn."

"Bó ṣe máa ń rí níbo?" Olóhùn bi í.

"Nínú géèmù náà ni mo wí o." Àbúrò kò wojú rẹ̀. "Ká wá sọ èyí tí kò dáa. Kọ́kọ́rọ́ ti pọ̀ jù. Kọ́kọ́rọ́ pupa, kọ́kọ́rọ́ aláwọ̀ aró, kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ mìíràn wà nínú ẹ̀. Nígbà tí mo fi rí èyí tó kẹ́yìn, oorun ló ń kùn mí, kì í ṣe ẹ̀rù. Alápatà náà, ọ̀nà kan náà ló ń gbà ṣáá. Tí mo bá ti rí i tó yà síbi ìwọ̀ ẹran, mo lè lọ wẹ̀ kí n tó padà dé."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ rín in, ṣùgbọ́n ó rín in.

"Ó sì ń pariwo jù. Ẹni tó bá fẹ́ fi èèyàn ṣe ìkà kì í pariwo, Ọ̀gá. Ohùn rẹ̀ á rọ̀ ni. Á ní, 'Olólùfẹ́ mi, níbo lo wà? Jáde wá, mi ò bínú mọ́.'"

"Áà!" Ọ̀gá lu itan. "Èyí dáa! Olóhùn, ṣé o gbọ́? Ohùn rírọ̀! Ìyá Ìfarapamọ́, orí ẹ pé. Níbo lo ti ń rí àwọn nǹkan wọ̀nyí?"

Àbúrò ti kọjá síbòmíràn. "Ó ku àdá."

"Kí ló ṣe àdá?" Ojú Ọ̀gá yí padà. Òun ló mú àbá àdá wá, kò sì sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án kó má bínú.

"Láti ìgbà tí mo ti rí àdá yẹn he, ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Títí dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ mi nìkan ni mo ní. Bó bá dé, mo sá. Bó bá tún dé, mo tún sá. Ibẹ̀ ni géèmù yín ti múni lọ́kàn. Ẹ wá fún mi ládàá. Mo ṣá a lẹ́ẹ̀kan, ó ṣubú. Mo tún ṣá a. Ó ti kú, mo ṣì ń ṣá a. Ó wá ń dùn mọ́ mi, Ọ̀gá. Ìyẹn ò dáa. Ẹ yọ ọ́."

"Kí n yọ kí ni? Àwọn èèyàn fẹ́ jà! Ta ló máa ra géèmù tí èèyàn ń sá kiri bí adìẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin?"

"Ẹni tó bá ti sá rí."

"Ẹni tó bá ti sá rí máa fẹ́ ṣá tiẹ̀ náà lọ́jọ́ kan!" Ọ̀gá dìde, ó ti ń gbóná. "Àdá ò ní kúrò. Ó tún ku nǹkan kan?"

"Ẹyọ kan. Ohùn apá òsì ò dún. Ìgbàkígbà tí Alápatà bá gba apá òsì wá, mi kì í gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kàn ń yọ sí mi ni, orí mi ti bẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó dé."

Èyí dun Olóhùn. Ẹ bú Ọ̀gá, ẹ bú kọ́kọ́rọ́, ẹ bú Alápatà bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń rìn nínú Ilé Tútù, ọwọ́ òun ló ti jáde, ó sì mọ ibi tó fi ìkọ̀ọ̀kan sí. Ó gba ẹ̀rọ etí náà, ó gbé e wọ̀. Bàtà Alápatà ń bọ̀ lápá òsì, gbì, gbì, bí ẹni pé ó ń rìn nínú ọpọlọ rẹ̀.

"Ó ń dún ketekete," ó ní.

Ọ̀gá náà gbé e wọ̀. "Ó ń dún. Ó ń dún jù pàápàá."

Àbúrò tún gbé e sétí, ó mi orí. "Kò dún. Bóyá ẹ̀rọ yìí ló ti bàjẹ́."

Ọ̀nà kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ohùn fi ń mọ ibi tí àrùn wà. Olóhùn gba ẹ̀rọ etí náà, ó yí i sódì, ó gbé ìhà ọ̀tún rẹ̀ bo etí òsì àbúrò rẹ̀, ó gbé ti òsì bo ti ọ̀tún. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló bàjẹ́, apá ọ̀tún ló yẹ kó dákẹ́ báyìí.

"Ní báyìí ńkọ́?"

"Apá òsì náà ni," Àbúrò wí. "Kò tíì dún."

Olóhùn mọ̀ báyìí pé etí ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọ̀gá kò rí nǹkan kan. "Àbí etí ẹ ló di?" ó ní. "Lọ fọ̀ ọ́ jàre!" Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín sí i, ó sì jáde lọ dáhùn fóònù rẹ̀.

Olóhùn di àbúrò rẹ̀ lápá mú, ó fà á wọ yàrá ohùn, ó ti ilẹ̀kùn. Kò sí ariwo tó ń jáde láti inú yàrá náà, fóòmù ló wà lára ògiri rẹ̀ yíká. Ó tú gèlè kékeré tí Àbúrò fi borí. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà nínú ihò etí náà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wú, ó ti pọ́n dúdú.

"Ọjọ́ wo lèyí ṣẹlẹ̀?"

"Ọjọ́ Àìkú."

"Kí lo ṣe fún un?"

Ìbéèrè burúkú nìyẹn. Bó ti ń bọ́ lẹ́nu Olóhùn ló ti ń wù ú kó gbé e mì. Ṣùgbọ́n Àbúrò dáhùn pẹ̀lẹ́ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. "Ó bi mí ní nǹkan láti ẹ̀yìn, mi ò tètè dáhùn. Ó gbá mi létí." Ó mú gèlè rẹ̀ padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi rò ó wò. Torí mi ò tètè dáhùn ló ṣe fọ́ mi létí. Ní báyìí tó ti fọ́ ọ, mi ò ní máa gbọ́, mi ò sì ní máa tètè dáhùn. Lọ́jọ́ tó bá tún bi mí láti apá ibẹ̀ ńkọ́?"

"Á pa ọ́."

"Òun náà wí bẹ́ẹ̀."

Olóhùn jókòó sórí àpótí. Ó ti rí ojú wíwú rí, wọ́n ní ilẹ̀kùn ló gbá a. Ó ti rí ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì, wọ́n ní omi gbígbóná ni. Ìyá wọn ní kí Àbúrò ní sùúrù, pé ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ń kọ́ èèyàn tí etí fi ń di? Inú bí i sí ìyá wọn, inú bí i sí Dírẹ́bà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló bínú sí jù, òun tí gbogbo ayé ń pè ní Olóhùn tí kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ibo ló wà báyìí?"

"Ó gbé sìmẹ́ǹtì lọ. Ọ̀la ló ń bọ̀."

"Dìde. À ń lọ kó ẹrù ẹ."

"Ṣé kí n sá ni?"

"Sá ni o! Ìjà tó bá ti ju ọwọ́ lọ, ẹsẹ̀ là á fi í jà. Ilé mi lo máa sùn lónìí, tó bá wá ibẹ̀, ojú ẹ̀ á rí nǹkan."

Ó fi aṣọ ìnura wé àdá rẹ̀, ó tì í bọ báàgì iṣẹ́ pẹ̀lú máíkì, ó gbé e kọ́ èjìká bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Irinṣẹ́ ni. Kò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé Dírẹ́bà kò tóbi. Yàrá kan, pálọ̀ kan, ilẹ̀kùn iwájú tó kọjú sí títì, àti kíṣìnnì tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ sí ẹ̀yìn. Wọ́n ṣí tẹ̀yìn kí atẹ́gùn lè wọlé. Aṣọ Àbúrò kò pọ̀, wọ́n kó o sínú àpò kan láìpẹ́. Olóhùn rò pé ó ti parí, àfi bí Àbúrò ṣe kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní pálọ̀, tó ń fi ọ̀bẹ kékeré tú ìdè tó dè é mọ́ tábìlì.

"Fi í sílẹ̀! À á ra òmíràn."

"Mi ò fi í sílẹ̀. Owó ọwọ́ mi ni mo fi rà á kí n tó mọ̀ ọ́n."

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́!"

"Ó ku ìdè kan, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹyọ kan péré."

Olóhùn ló gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Apá òsì ni ẹnu ọ̀nà wà sí Àbúrò, ó ṣì ń tú ìdè lọ ní tirẹ̀ nígbà tí Dírẹ́bà wọlé.

Ẹ má rò pé òmìrán ni. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, àwọn ará àdúgbò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó mọ èèyàn kí. "Ẹ̀gbọ́n wa!" ó ní, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ò jẹ́ n mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Ọkọ̀ ló dákú mọ́ mi lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ǹ bá ti pàdánù yín." Ojú rẹ̀ bọ́ sórí àpò aṣọ. Ó yíjú padà, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì rọra ju kọ́kọ́rọ́ náà sápò ṣòkòtò rẹ̀.

"Mò ń mú un lọ sọ́dọ̀ mi fúngbà díẹ̀," Olóhùn wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ó sì dùn mọ́ ọn nínú pé kò gbọ̀n.

"Ẹ ń mú un lọ." Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, kí lò ń tú?"

Àbúrò kò gbọ́.

"Olólùfẹ́ mi, mo ní kí lò ń tú?"

Kò gbọ́. Dírẹ́bà fi ìrìn pẹ̀lẹ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó di irun rẹ̀ mú, ó gbé orí rẹ̀ lu ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó gbé e lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Irin ẹ̀rọ náà dún, àwọn bọ́tìnì fọ́n ká ilẹ̀.

Olóhùn bẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fi èékánná ya á lójú. Dírẹ́bà yí padà, ó sì kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu. Ohun kan ṣẹ́ nínú ẹnu Olóhùn. Ó ṣubú lulẹ̀, kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí orúnkún Dírẹ́bà fi wà láyà rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì sì wà lọ́rùn rẹ̀. Eyín iwájú rẹ̀ lókè ti kán, ó ń gbé wọn mì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n wa," Dírẹ́bà ń wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì ń fún un lọ́rùn sí i. "Ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ ká gbádùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà mọ́." Ó ń pọ́n ọn lé, ó ń sọ "ẹ", ó ń pa á lọ.

Ojú Olóhùn ń ṣú. Ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, ó gbá báàgì iṣẹ́ rẹ̀ dànù, gbogbo ohun inú rẹ̀ sì yí jáde. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn kan. Kò dún bí elégédé. Kò lómi tó bí Ọ̀gá ṣe wí, kò sì pariwo. Ohùn kékeré kan ni, bí ìgbà tí wọ́n gbé ìwé ńlá lé orí tábìlì, ọwọ́ Dírẹ́bà sì tú kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Àbúrò dúró lókè wọn, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀ kan, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èjìká Dírẹ́bà ti là. Ọkùnrin náà wo èjìká ara rẹ̀ bí ẹni tó rí àlejò tí kò pè. Ó dìde, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lọ sí ilẹ̀kùn iwájú. Ó ti gbàgbé pé òun ti tì í. Ó fà á, ó fà á, ó wá ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ̀jẹ̀ mú kó máa yọ̀. "Ẹ gbà mí o!" ó ń ké. "Ẹ gbà mí, ó fẹ́ pa mí!"

Ilẹ̀kùn kíṣìnnì ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn wọn. Olóhùn rí i. Ó fẹ́ sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ó ti tó, ọ̀nà ti là, kó máa bọ̀. Ó kó gbogbo èémí tó kù nínú rẹ̀ jọ, ó sì pariwo.

Eyín kò sí mọ́ níwájú ẹnu náà, ètè ti wú. Atẹ́gùn gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Sá ló fẹ́ wí. Ohun tó jáde ni, "Ṣá! Ṣá!"

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó tún gbìyànjú láti tún un ṣe, ó sì tún jáde bẹ́ẹ̀: "Ṣá!"

Àbúrò wo ojú rẹ̀. Ó wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọkùnrin tó kọ ẹ̀yìn sí i lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àdá sókè, ó sì ṣá a lẹ́yìn. Dírẹ́bà ṣubú, ó ṣá a nítan. Dírẹ́bà nawọ́ sókè, Àbúrò ṣá ọwọ́ náà. Kò ké, kò bú u. Olóhùn wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì fi apá méjèèjì dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, ó ń sunkún, kí Àbúrò tó dáwọ́ dúró. Ìgbà náà làwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn, àwọn kan náà tó ti ń gbọ́ ariwo ilé yẹn láti ọjọ́ pípẹ́ wá tí wọn ò kàn án rí.

Dírẹ́bà kò kú. Nígbà tí wọ́n rán ètè Olóhùn tán tí wọ́n mú un dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní ó ṣì wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ, pé ọwọ́ rẹ̀ kan lè má ṣiṣẹ́ mọ́, pé bó bá sì rí ọ̀la, ó ṣeé ṣe kó yè. Ṣùgbọ́n ó ti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun ló ní kí wọ́n ṣá òun.

Sájẹ́ntì tó gba ọ̀rọ̀ náà, obìnrin ni, ara rẹ̀ sanra, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì burú. Wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọwọ́ Àbúrò mọ́ bẹ́ǹṣì. Nígbà tí Sájẹ́ntì dìde lọ wá omi mu, Olóhùn sún mọ́ àbúrò rẹ̀. Àbúrò yí orí padà, ó gbé etí ọ̀tún fún un.

"Ohun tó jáde lẹ́nu mi yẹn," Olóhùn wí, ọ̀rọ̀ náà ń dà rú mọ́ ọn lẹ́nu, "òun kọ́ ni mo fẹ́ wí. Ẹnu mi ló ṣe é. O ṣì mí gbọ́, àbúrò mi. Èmi ni mo kó bá ọ."

"Mi ò ṣì yín gbọ́."

"Kí lo wí?"

"Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ohùn yín, ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n bá yọ gbogbo eyín ẹnu yín, màá ṣì mọ ohun tí ẹ ń sọ. Sá lẹ wí. Mo rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pàápàá." Omi bọ́ lójú rẹ̀ kan tí kò wú pa. "Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Kò kọ ẹ̀yìn sí mi rí. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́, inú mi sì dùn. Mo máa sọ fún wọn."

"Dákẹ́."

"Òótọ́ ni."

"Mo ní kó o dákẹ́! Ta ni àgbà nínú èmi pẹ̀lú rẹ?"

Àbúrò tẹrí ba. Sájẹ́ntì padà dé, ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó fa ìwé sọ́dọ̀. "Mádàámù, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀. Ìgbà tó kọ́kọ́ ṣá a, mi ò ní yọ yín lẹ́nu lórí ìyẹn, gbogbo èèyàn ló rí ọrùn yín. Èyí tó tẹ̀ lé e ni wàhálà. Ọkùnrin náà ti ń sá nígbà yẹn. Pẹ̀lú ẹnu yín tó ti fọ́, ó lè jẹ́ sá tàbí ṣá; ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín." Ó na ìka. "Bó bá jẹ́ sá lẹ wí, ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ tọ́jú ẹnu yín. Àbúrò yín nìkan ló máa rojọ́ ìdí tó fi lé ẹni tó ń sá. Bó bá jẹ́ ṣá lẹ wí, ẹ̀yin àgbà lẹ pàṣẹ fún un, ẹ̀yin náà lẹ gbé àdá wọlé. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa sùn síbí, ẹ̀bi tirẹ̀ á sì fúyẹ́. Ẹ̀bi tiyín ni mi ò lè sọ bó ṣe máa wúwo tó."

"Kò sọ fún mi pé kí n ṣá a!" Àbúrò ké láti orí bẹ́ǹṣì.

"Ìwọ kọ́ ni mo bi. Mádàámù, kí lẹ wí?"

Olóhùn la ẹnu. Okùn tí wọ́n fi rán ètè rẹ̀ fà á, ohun tó jáde kò jọ ìkan, kò jọ èkejì.

Sájẹ́ntì gbé etí sún mọ́ ọn, ó kẹ́dùn. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹnu yín ti wú bíi búrẹ́dì. Ẹ gba bírò, ẹ kọ ọ́ síbí."

Olóhùn gba bírò. Ẹ̀rù ń bà á, kí n má purọ́ fún yín. Ó ń rò nípa ibùsùn rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn irin tó wà lẹ́yìn Sájẹ́ntì. Ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó kọ ìkejì, ó fi àmì sí i lórí.

"Sá," Sájẹ́ntì kà á sókè, ó sì mí kanlẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí i. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e wá."

Ó na ọwọ́ sí ìwé náà. Olóhùn kò fi í sílẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, ó mi orí sí Sájẹ́ntì pé òun ò tíì parí. Lẹ́yìn náà ló mú bírò lọ sábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, ó sì fi àmì kan síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí tó fi hàn ní ẹ̀yìn ìwé.